Àlejò Tí Kì Í Jẹ Búrẹ́dì

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ pé oúnjẹ wọ́n, nítorí pé gbogbo wa ni a ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, tí ebi ń pa á, tí kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn wọ̀bìà nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ó là mí lójú. N ó sọ ìtàn náà fún yín láìfi ẹ̀bi tèmi pamọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé irú rẹ̀ wà nínú ilé ẹlòmíràn tí wọn kò sì tíì mọ orúkọ tí wọn ó pè é.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ; òun ni ó ń pọ̀n mí lọ sí odò nígbà tí ìyá wa bá lọ sí ọjà. Láti nǹkan bí ọdún kejì tí ó ti dé ọ̀hún ni ara rẹ̀ kò ti yá. Ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Inú rẹ̀ a máa wú bí ìlù lẹ́yìn oúnjẹ, a sì máa run ún. Bí ó bá fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ìyá wa a tẹjú mọ́ ọn títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Àwọn kan ní aràn ni. Àwọn mìíràn ní ayé ni. Ìyá wa gbààwẹ̀, wọ́n náwó, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹnìkan nínú ẹbí ni ó di ọmọ náà mú. Láti ọjọ́ náà ni àárín àwa àti àwọn ìbátan wa kan kò ti gún mọ́.

Ní ọdún 2016, dókítà kan ní ọ̀hún gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó yẹ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ẹ̀rọ tín-ín-rín kan gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dé inú ìfun, wọ́n gé ẹran ìfun náà bíńtín, wọ́n sì wò ó dáadáa. Wọ́n ní àrùn sílíákì ni. Kì í ṣe aràn, kì í ṣe ayé. Búrẹ́dì tí ó ń jẹ láràárọ̀ ni.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe fúláwà, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní glúténì. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a ti pò máa fà bí rọ́bà, òun náà ni kì í jẹ́ kí búrẹ́dì tí ó ti wú wó lulẹ̀. Ó wà nínú ọkà báálì àti ọkà ráì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ń jẹ ẹ́ tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ẹni tí ó ní àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà yóò kọjú ìjà sí ìfun ẹni náà fúnra rẹ̀.

Inú ìfun kékeré wa rí bí ara tówẹ́ẹ̀lì. Ó ní àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ó yọ sókè bí irun, àwọn ni wọ́n sì ń fa oore oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà tí mo wí yìí a máa bà wọ́n jẹ́ títí ibẹ̀ yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ènìyàn a máa jẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò ní ṣe é lóore. Ẹ̀jẹ̀ a dín kù, egungun a máa rọ, ọmọdé kò sì ní dàgbà bí ó ti yẹ. Títí di òní, kò sí oògùn tí ó ń wo àrùn náà sàn pátápátá. Kí ènìyàn yẹra fún glúténì títí ayé rẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìfun a tún ara rẹ̀ ṣe, ara a sì mókun.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Willem Dicke, ni ó fi ẹ̀sùn náà kan búrẹ́dì. Ó ti ń fura sí i kí ọ̀ràn tó di ti ogun. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, ebi mú ní ilẹ̀ wọn débi pé àwọn ènìyàn ń wú gbòǹgbò òdòdó jẹ, búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n gógó. Ní àkókò ìyàn náà ni ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí wá ń le sí i. Ní ọdún 1950, Dicke kọ ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé tí ó fi gba oyè dókítà ní Yunifásítì Utrecht.

Bí ẹnìkan bá ní àrùn òyìnbó lásán ni èyí, kí ó gbọ́ pé ní ọdún 1999 àwọn dókítà tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ọmọ Saharawi, àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní 5 tí ó ní in. Áfíríkà ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́.

OÚNJẸ ÌYÁ MI

Ìyá wa pé ẹni àádọ́rin ọdún ní oṣù Kejìlá tí mo wí. Ẹ̀gbọ́n mi ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí kò wálé, ó sì wá láti bá wọn ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó dé, agogo márùn-ún kò tíì lù tí ìyá wa fi dáná. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja àrọ̀, wọ́n sì ro wíìtì. Wọ́n ti gbọ́ pé wíìtì ni kí àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà máa jẹ, wọ́n sì gbà pé oúnjẹ tí ó wúlò fún aláìsàn kan kò lè pa aláìsàn kejì lára. Wọn kò mọ̀ pé wíìtì náà ni àlìkámà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, n kò lè jẹ ẹ́ ni.”

Ìyá wa kò sọ̀rọ̀. Wọ́n dé abọ́ náà, wọ́n gbé e padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí ó di alẹ́, wọ́n pè mí sínú yàrá wọn. Wọ́n ní, “Ìwọ tíṣà, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ti sọ fún un ní ìlú òyìnbó pé èmi ni mò ń ṣe é?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ ọwọ́ ẹni, ohun tí a máa ń rò ni pé ó ń fura sí ẹni. Obìnrin tí ó ti gbààwẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ wá ń rò pé ọmọ náà ka òun sí ọ̀tá. Mo ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n mo rí i pé àlàyé mi kò wọlé.

ẸJA TÍ MO NÍ KÍ Ó JẸ

Ìgbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe ìnáwó náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sanwó àga àti àtíbàbà. Ebi pa wá, a sì yà sí ilé olóúnjẹ kan. A ní kí wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ẹja díndín. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dìde lọ bi àwọn tí ń dáná bí wọ́n ti ṣe dín ẹja náà. Ojú tì mí, nítorí pé bàbá ọmọ ilé-ìwé mi kan jókòó nítòsí wa.

Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá. Ẹja ni, kì í ṣe búrẹ́dì. Díẹ̀ kò sì lè ṣe nǹkan.”

Ó wò mí, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí ó yá ni mo wá gbọ́ pé fúláwà ni wọ́n fi ra ẹja náà lára kí wọ́n tó jù ú sínú òróró, kí ó lè gbẹ dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èébì bẹ̀rẹ̀, inú rírun tẹ̀ lé e. Fún ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi kò lè dìde. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ìlera, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní òru, mo ń gbọ́ bí ẹni tí ó pọ̀n mí ti ń kérora, mo sì mọ̀ pé ìtìjú mi ni ó fà á.

Ìyá wa rí gbogbo rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bi mí ohun tí ó jẹ. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, “Oúnjẹ tí kì í ṣe ọwọ́ mi ni ó ṣe é báyìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ó ti yé mi wàyí. Fúláwà ni ọ̀tá wa, kì í ṣe ènìyàn.” Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ro ẹ̀kọ mímu tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi sẹ́nu.

A LỌ SÍ ỌJÀ BÓDÌJÀ

Ìgbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Mo ti ń ná ọjà náà láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó mọ bí ohun tí a ń tà níbẹ̀ ti rí. Nínú gbogbo ohun tí ọlọ́jà ṣí igbá lé lórí, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi lè jẹ pọ̀ ju èyí tí kò lè jẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyá wa ń ka wọ́n sókè bí ọmọ ilé-ìwé: gàrí, èlùbọ́ iṣu, láfún, iṣu, ẹ̀wà, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ànàmọ́, kókò, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà. Kò sí glúténì nínú ọ̀kan nínú wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ̀yin tíṣà mọ̀ pé ọkà inú òwe yìí, àmàlà ni. Oúnjẹ mẹ́rin ni àwọn àgbà kà, àlìkámà kò sì sí nínú ọ̀kankan. Oúnjẹ tí àwọn òyìnbó ń wá kiri ní sọ́ọ̀bù ńlá, tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà, òun ni àwọn baba wa ń jẹ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀nà tẹ́jú tán. A ra èèlò iṣu gbígbẹ, a gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ kí wọ́n lè bá wa lọ̀ ọ́. Màmá tí ó ni ẹ̀rọ náà ti nawọ́ gba igbá, ni ẹ̀gbọ́n mi bá béèrè ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn. Màmá náà dúró, ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Wíìtì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán báyìí. Bí ẹ bá ní kí ó má kàn yín, ẹ má lọ̀ ọ́ níbí. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ó wà ní igun ọ̀hún, èlùbọ́ nìkan ni òun ń lọ̀.”

Ó pàdánù owó wa, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́. Ìyá wa gbàdúrà fún un títí a fi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ń kà mí, irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjà tí ó dára jù lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ màmá yẹn ni a ti ń lọ ata.

Nígbà tí a délé, ìyá wa ya ìkòkò kan sọ́tọ̀, wọ́n ra orógùn tuntun, wọ́n sì so òwú pupa mọ́ wọn lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ro wíìtì tàbí sẹ̀mó. Ní ọjọ́ ìnáwó, àwọn alásè se tiwọn fún àwọn àlejò. Ti ẹ̀gbọ́n mi wá láti inú ìkòkò olówùú pupa: iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata rẹ̀. Ìyá wa ni wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún nawọ́ sí i pé kí wọ́n bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó dìde jó. Mo rí àwọn ìbátan tí a kò jọ ń kíra dáadáa tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń ná owó mọ́ ọn lórí. Ìyá wa ti lọ bẹ̀ wọ́n ní ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n ní fúláwà ni ó jẹ̀bi.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ MỌ̀ BÍ Ẹ BÁ Ń RAJÀ

Ẹ jẹ́ kí n wá tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tí ó bá kàn.

Èkínní, àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀fun irú ẹni bẹ́ẹ̀: búrẹ́dì, wíìtì, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀nsì, ṣínṣín, mítì-páì, kéèkì, bísíkíìtì, makaróni, sùpàgẹ́tì àti núdù inú ọ̀rá. Sẹ̀mó wà lára wọn, nítorí pé àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ní ọdún 2011, ní ìgbà ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan, ariwo búrẹ́dì pákí gba ìlú. Ọ̀pọ̀ rò pé pákí nìkan ni. Èyí tí wọ́n gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba nígbà náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni pákí inú rẹ̀. Àlìkámà ni ìdá 60 tí ó kù. Ẹni tí ó ní àrùn yìí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa ka ohun tí a kọ sí ara páálí àti ọ̀rá. NAFDAC ní kí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ inú páálí kọ àwọn èròjà rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí wheat, barley, rye tàbí malt, ẹ gbé e padà. Ẹ ka ara àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn àti ata gbígbẹ inú ike pẹ̀lú, nítorí pé a máa ń fi fúláwà lú àwọn kan. Ní ti ohun mímu mọ́ọ̀tì, àwọn kan jẹ́ ọkà báálì, àwọn kan jẹ́ ọkà bàbà, a sì lú àwọn mìíràn pọ̀. Ọkà bàbà kò ní glúténì. Báálì ní in. Óòtì kò burú fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àlìkámà sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn láti oko àti ní ilé ẹ̀rọ. Nítorí náà, àfi èyí tí a bá kọ ọ́ sí lára pé kò ní glúténì.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń ra ìyẹ̀fun tí a ti lọ̀, pàápàá àpòpọ̀ tí a fi ń ṣe ògì fún ọmọdé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

Ní ìlú òyìnbó, òfin ti ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, dandan ni kí ẹni tí ń ta oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ fún oníbàárà bí ọ̀kan nínú ohun 14 tí ó ń ṣe àwọn ènìyàn ní ibi bá wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ọkà tí ó ní glúténì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí yóò bá sì kọ ọ́ sára oúnjẹ pé kò ní glúténì, èyí tí ó wà nínú kílò kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ. Ẹ wo bí ó ti kéré tó! Èérún búrẹ́dì kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní búrẹ́dì tí kò ní glúténì ní ọ̀hún wọ́n púpọ̀, ó sì máa ń fọ́ sọ́wọ́ bí iyanrìn. Ó ní ọjọ́ tí inú òun dùn jù lẹ́yìn tí wọ́n sọ àrùn náà fún òun ni ọjọ́ tí òun rìn wọ Rye Lane ní Peckham, tí òun rí èlùbọ́ àti gàrí lórí àtẹ àwọn ará ilé wa, tí òun sì mọ̀ pé òun kò ní fi ebi sùn mọ́.

BÍ Ẹ BÁ JẸUN NÍTA

Abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ rere ni ó sì ń yọ obì lápò. Ẹ pe olóúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kí i, kí ẹ sì wí pé, “Màmá, fúláwà máa ń dá mi dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú oúnjẹ yín ni kò ní in?” Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ní búkà mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọ̀kan, ìyá olóúnjẹ náà fúnra rẹ̀ wá ṣí ìkòkò kọ̀ọ̀kan hàn wá.

Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹ̀bà, fùfú, iyán, àsáró, ẹ̀wà, ìkọ́kọrẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú, púpurú àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, ẹ̀kọ àti èkuru: gbogbo ìwọ̀nyí dára, bí a kò bá ti fi orógùn tí a fi ro sẹ̀mó rò wọ́n. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì nìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ búkà ni ó ń fi orógùn kan ro gbogbo òkèlè.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ òróró pẹ̀lú. Àkàrà kò ní glúténì, dùndú àti dòdò kò ní in. Ṣùgbọ́n bí a bá dín wọn nínú òróró tí a ti dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, wọn kò mọ́ mọ́. Nípa ẹja àti adìyẹ díndín, ẹ rántí ìtàn mi. Ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, àlìkámà sábà máa ń wà nínú omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sọ́yà sọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, àgbàdo sísun, ìpékeré, àádùn àti gúgúrú kò ní já yín kulẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Ẹ̀yin tíṣà, bí ọmọ kan nínú kíláàsì yín bá ń rù, tí inú rẹ̀ wú, tí kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní àbíkú. Ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ ebi, ó sì lè jẹ́ èyí. Ẹ sọ fún òbí rẹ̀ kí ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ọmọ kan bá sì sọ pé wọ́n ní kí òun má jẹ bísíkíìtì tí a pín fún gbogbo ọmọ, ẹ má fi agbára mú un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo inú rírun ni sílíákì. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní ìdí tí yóò fi máa sá fún búrẹ́dì nítorí àṣà. Ẹni tí ó bá sì ń fura, kí ó má tíì ṣíwọ́ àlìkámà jíjẹ kí dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá ti ṣíwọ́ tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí nǹkan, nígbà tí ó sì wà níbẹ̀. Àrùn náà a máa rìn nínú ẹbí. Nínú mẹ́wàá nínú òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tí ó ní in, bí ẹnìkan ni ó lè ní in pẹ̀lú. Nítorí náà, èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní kò sí lára mi, mo sì ń jẹ búrẹ́dì mi lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítòsí ìkòkò olówùú pupa.

Ìkòkò náà wà nínú ilé ìdáná ìyá wa títí di òní, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n sì da aṣọ bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkòkò náà se omi pàápàá. Wọ́n ní olówó rẹ̀ ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oúnjẹ máa ṣe ara wa lóore. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.